Làtíìfù, Máníjà Ọjọ́ Kan

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Làtíìfù Oyèdìran wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Ireland, ó pàtẹ́wọ́ fún àmì tí wọ́n fi na ẹgbẹ́ àwọn tó gbà á lálejò. Camberwell ní London ni, nínú yàrá kan tó kún fún àwọn ọmọ Mayo, ìyẹn káúńtì kan ní ìwọ̀-oòrùn Ireland. Declan, nọ́ọ̀sì tí òun àti Làtíìfù jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ló mú un lọ. Eré kù díẹ̀ kó parí, ẹgbẹ́ méjèèjì sì dọ́gba. Ọmọ ẹgbẹ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù gba òkè ọ̀pá gọ́ọ̀lù kọjá lọ. Làtíìfù dìde, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti fi ṣòfò! A dúpẹ́ o!"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Nínú bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó bá gba òkè ọ̀pá kọjá ti ṣòfò lóòótọ́. Nínú ti àwọn ará Ireland, àmì kan ni. Èyí tó bá wọ inú àwọ̀n ló ń jẹ́ mẹ́ta. Àmì kan ṣoṣo yẹn ni Mayo fi pàdánù.

Àwọn kan ní Peckham nítòsí ibẹ̀ máa ń sọ pé wọ́n lé e jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló fa àga sún mọ́ ọn, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nígbà tí Mayo bá ń ṣeré, ó sì ra tíì fún un. Declan to ṣúgà oníbébà sórí tábìlì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níhìn-ín, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́hùn-ún, ó sì kọ́ ọ ní eré náà látìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, bí ẹni tó ń sáré ṣe ń fi ẹsẹ̀ ta á pa dà sí ọwọ́ ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ìkúùkù ti í sí ẹlòmíràn.

Báyìí ni Làtíìfù ọmọ Ìwó ṣe di ọmọ Mayo. Mayo kò gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Ireland láti ọdún 1951. Léraléra ni wọ́n ń dé ìparí ìdíje, tí wọ́n á sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀, bi í pé kí ló dé tí kò wá ẹgbẹ́ tó ń wìn.

"Ẹgbẹ́ tó ń wìn ò nílò èmi," ó ní.

Ohun tó gbà pé Mayo nílò lára òun ni ìmọ̀ràn. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àìlà, òun àti Declan máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tíì Káyọ̀ ní Rye Lane, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Káyọ̀ kéré sí wọn dáadáa, Arsenal ni tirẹ̀, kò sì sí nǹkan méjì tó jẹ́ kó máa fún wọn láyè ju pé ó fẹ́ràn láti gbọ́ ariwo wọn.

"Ẹ wò wọ́n!" Làtíìfù fi ṣíbí na tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀kan nínú àwọn Sọ́ńdè yẹn. "Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ṣé ọmọ ni wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún ni? Gbá a síwájú, jàre!"

"Kò sí àyè níwájú," Declan dá a lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni Declan ń sọ. Yorùbá ni mo kọ ọ́ sí. "Gbogbo wọn ti kóra jọ síbẹ̀."

"Wọ́n kóra jọ torí pé ẹ lọ́ra! Òfin tuntun ti dé, ẹni tó bá ti òkèèrè gbá a, lẹ́yìn ìlà yẹn, méjì ni wọ́n ń fún un. Méjì! Kí ni máníjà yìí wá ń kó wọn lọ sẹ́nu gọ́ọ̀lù fún? Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ta lo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti lójú."

Káyọ̀ gbé tíì dé. "Uncle Làtíìfù, ẹ ò bá kúkú apply. Ẹ kọ ọ́ sí CV: ọdún mẹ́rìnlá experience, lórí àga Káyọ̀."

"Ìwọ ọmọ Arsenal, dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jó tí wọ́n bá fún yín ní kọ́nà."

"Kọ́nà ń wọlé, sir. Tiyín ń fò lọ sọ́run."

Bó ṣe rí nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú Làtíìfù, kò sí máníjà tó pé ní gbogbo Ireland. Ti Kerry, oríire ló ní. Ti Dublin, owó ló ní. Ti Mayo, bó ti wù kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tó, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó mú agbábọ́ọ̀lù wọlé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń bí i nínú jù, á sì máa tún un sọ títí tíì á fi tutù.

Ní gbogbo àkókò yìí, Hameedah, ọmọ Làtíìfù obìnrin, náà ti ń gbá irú bọ́ọ̀lù náà. Ẹgbẹ́ Nunhead Gaels ló wà, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń gbá a ní Peckham Rye ní ọjọ́ Sátidé. Declan ni máníjà wọn. Òsì ni ẹsẹ̀ Hameedah, kò sì sí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà bíi tirẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Declan jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra. Á kó gbogbo ẹgbẹ́ sẹ́yìn, á sì fi Hameedah nìkan sílẹ̀ níwájú, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé.

"Declan! Mú un wá sáàárín! Ebi bọ́ọ̀lù ń pa ọmọ yẹn!"

Wọ́n ní Làtíìfù máa ń bú Declan lójú pápá. Kò bú u rí. Ohun tó ń ṣe burú ju èébú lọ: ó ń ṣàlàyé. Ó ń ṣàlàyé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàlàyé nígbà ìsinmi, tó bá sì di alẹ́, á ya àwòrán pápá, á fa ọfà sí i lọ́tùn-ún lósì, á sì fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn òbí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá sẹmifáínà, ìròyìn dé pé àwọn tó ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ London ń bọ̀ wá wo eré náà. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni wọ́n máa wá. Hameedah sì mọ̀ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun á ti dàgbà ju ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà lọ. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní kíṣìnì.

"Daddy, please. Sátidé yìí, ẹ má sọ nǹkan kan. Just this one. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi, that's all."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa rí ẹ níbi tó fi ẹ́ sí?"

"Daddy, allow it. Ẹ fi sílẹ̀."

Kò lè gbà. Ó lọ bá Declan ní ṣọ́ọ̀bù Káyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ náà kò bá sí láàárín, wọn kò ní rí i. Tí wọn kò bá rí i, ẹ̀bi ta ni? Declan yọ fèrè àti kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí lápò, ó sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà.

"Ó ti tó," ó ní. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ẹnu Àsúmáù ló ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. "Mo ti gbọ́ ẹ fún ọdún mẹ́rìnlá, Làtíìfù. Sátidé, ìwọ lo máa ṣe é. Èmi á dúró sẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn òbí, mi ò sì ní la ẹnu mi."

Káyọ̀ gbé fèrè àti kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì kó wọn lé Làtíìfù lọ́wọ́.

Nígbà tí Làtíìfù délé pẹ̀lú fèrè, Hameedah wò ó, ó wo fèrè náà. "So, midfield?"

"Midfield."

"Number eight?"

"Mẹ́jọ."

Ọmọ náà di mọ́ ọn, ohun tí kò ṣe mọ́ látìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn òbí ti tò sẹ́yìn okùn nígbà tí Làtíìfù ń pín jẹ́sì. Ìyá Tóbilọ́ba, ọmọ tó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì jù, kò rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. "A ti mọ ẹni tó máa gbá gbogbo ẹ̀ lónìí. Oyèdìran FC." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì bá tí mú ẹlòmíràn. Ó mú Làtíìfù. Ní agboolé wọn ní Ìwó, ẹni tó bá ń pín ẹran iléyá kì í fún ọmọ tirẹ̀ ṣáájú. Ọmọ gbogbo ilé á gbà, ọmọ àlejò á gbà, èyí tó bá kù ni ọmọ ẹni tó ń pín á mú. Bàbá Làtíìfù ni wọ́n máa ń ké sí láti pín in, gbogbo ilé sì ń yìn ín pé kì í ṣojúsàájú. Egungun ni Làtíìfù jẹ dàgbà.

Ó na jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́jọ, ti àárín pápá, sí Tóbilọ́ba.

"Daddy?" Hameedah ní.

"Jókòó. Wàá wọlé ní abala kejì."

"Àwọn selectors ti dé. They're right there."

"Mo rí wọn. Jókòó."

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá gbá á wá láti ìhà Sydenham. Kí a má pa irọ́ mọ́ Làtíìfù: ète rẹ̀ kò burú. Ó ní kí àwọn ọmọ má kóra jọ sẹ́yìn, kí wọ́n máa gbá a síwájú, wọ́n sì kọ́kọ́ ń borí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jagun gba bọ́ọ̀lù láàárín kò sí. Tóbilọ́ba ń sáré lọ sáré bọ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn ti Sydenham rí ibẹ̀, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé, gọ́ọ̀lù kan, lẹ́yìn náà òmíràn.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀. Làtíìfù mú ọmọ kan wọlé. Kì í ṣe Hameedah. Ó tún mú òmíràn. Àwọn méjì yìí náà ti ń dúró láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òbí wọn sì ń wò ó. Declan di okùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Àsúmáù ni kò lè pa tirẹ̀ mọ́.

"Bàbá Hameedah! Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Ẹ wẹ̀yìn yín!"

Ó wẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣa ọmọ ti ń rìn lọ síbi mọ́tò wọn. Wọ́n ní eré mìíràn láti wò. Ìgbà yẹn ló wá pe Hameedah, ó sì sọ fún un pé kó sáré. Ọmọ náà kò wò ó lójú.

Bó ṣe wọlé ni bọ́ọ̀lù ti di tirẹ̀. Ó fò mú un lórí àwọn méjì, ó fi ẹsẹ̀ ta á sọ́wọ́, ó fi òsì gbá a láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù gba òkè ọ̀pá kọjá láàárín gbùngbùn. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò àwọn tó ń ṣa ọmọ ti kọjá lójú títì. Rẹfirí fọn fèrè. Àmì kan ni Nunhead fi pàdánù.

Ìyá Tóbilọ́ba ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sir. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àárọ̀. Ẹ ò ṣojúsàájú rárá. Irú yín ṣọ̀wọ́n."

Làtíìfù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn jẹ́sì jọ.

Hameedah jókòó sórí koríko, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. "Uncle Declan fi mí síwájú, bọ́ọ̀lù ò dé ọ̀dọ̀ mi, fine. At least mo wà nínú pápá. Gbogbo àwọn máníjà tí ẹ ń shout at lórí TV, Daddy, kò sí ìkankan nínú wọn tó máa fi best player ẹ̀ sórí bench kí àwọn èèyàn lè sọ pé èèyàn dáadáa ni òun."

"Hameedah, ní ilé wa—"

"Bọ́ọ̀lù ni, Daddy. Kì í ṣe ẹran."

Wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n ṣà fún London jáde. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Làtíìfù kọ̀wé sí wọn, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì pẹ́ nínú àlàyé. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kò lè ṣa ẹni tí àwọn kò rí.

Ó dá fèrè pa dà fún Declan ní ṣọ́ọ̀bù Káyọ̀. Declan gbà á, pẹ̀lú àdéhùn kan: Làtíìfù kò ní dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá mọ́. Àwọn kan ń sọ pé látìgbà náà kò tún bú máníjà kankan. Irọ́ ni. Ó bú ti Mayo ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó fi ṣíbí na tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ó ti pẹ́ jù! Ọmọ tó yẹ kó ti mú wọlé láti—" Káyọ̀ ń nu tábìlì, ó gbé ojú sókè. Làtíìfù ro tíì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fi ṣúgà sí i.

Hameedah ṣì ń gbá a fún Nunhead, níwájú, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé. Ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ní Sátidé tó kọjá, Làtíìfù wà ní Peckham Rye, lẹ́yìn gọ́ọ̀lù tó wà níhà àwọn igi, níbi tí Declan ní kó máa dúró, ó ń ṣa àwọn bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè ọ̀pá kọjá.