Ara Ti Tu Màmá

Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú-Igbó nípa àìsàn bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ara ti tù wọ́n o." N kò tíì yọ̀. Mo ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Ó bú sẹ́rìn-ín: "Wọ́n jẹun, wọ́n tún bú àwa tí a sè é."

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣa ìlò ọ̀rọ̀ yìí, tù, jọ. Àgbo a máa tu ara. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ a máa tu ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ìlò kan wà tó jẹ́ pé Mákùn-Omi, ìlú etí omi, ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ti ń lo ìsinmi. Inú ń run Màmá Àgbà, ìyá tó bí wọn, ní Àgọ́-Ìwòyè, ojoojúmọ́ ni mo sì ń béèrè ìgbà tí a máa lọ wò wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé láti ilé, ó bá Àǹtí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Àǹtí wọlé, wọ́n ní, "Múra. Ara ti tu Màmá."

Mo fò sókè. Mo ṣa ẹja yíyan tó tóbi jù sínú ewé, nítorí Màmá kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí kò lẹ́ja.

Àǹtí fúnra wọn ló wa ọkọ̀ ojú omi dé èbúté tí a ti máa wọ mọ́tò. N kò dákẹ́: Màmá á ní kí n kọrin ilé-ìwé, Màmá á ní mo ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Àbí, Àǹtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní oòrùn ni. Mo bọ́ fìlà mi fún wọn.

Ilé ti kún nígbà tí a dé. Wọ́n ti tẹ́ Màmá sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ funfun dé àyà wọn. Mo kọjú sí Àǹtí: "Ẹ purọ́ fún mi!"

Wọ́n dì mí mú. "Irọ́ kọ́. Inú yẹn kò run wọ́n mọ́."

N kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ìsinmi fi parí. Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi pé ìyá tiwọn ló kú, tí wọ́n sì ń dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ lórí omi. Lóde òní, fóònù a ti tú àṣírí ikú kí wọ́n tó pa ojú òkú dé. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Síbẹ̀, a ṣì máa ń sọ pé àgbà sùn, a ṣì máa ń sọ pé ó lọ sinmi. Àdàpè ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ àná ọjọ́ náà ni Màmá ti kú. Lọ́dọ̀ tèmi, wọ́n wà láàyè di ọ̀sán. Àǹtí ló fún mi ní ọ̀sán yẹn, àwọn nìkan ló sì ru ẹrù rẹ̀.