Ẹsẹ̀ Tó Ń Rìn Nínú Awò

Ẹni tó bá rí Màmá Alágbàfọ̀ nídìí tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ á rò pé irin ni wọ́n fi rọ obìnrin náà. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: aṣọ ìdọ̀tí lápá òsì, èyí tó ti fọ̀ lápá ọ̀tún, òun àti áyọ́ọ̀nù láàárín, òógùn ń bọ́. Bí oníbàárà bá ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì òun kò gún tó, á ní, "Ẹ̀yin gan-an kò gún tó, mo sì ń gbà yín bẹ́ẹ̀." Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á tún padà wá.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Ọkọ rẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọ ọwọ́ á máa sùn bó ṣe ń fá a lórí. Àfi bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n, bàbá ń fi pa mọ́, títí ó fi gé oníbàárà létí, tó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Dókítà ní Pákínsìn ni, àìsàn inú ọpọlọ, pé wọ́n kàn lè máa tọ́jú rẹ̀ ni, kò ní lọ. Lẹ́yìn ọwọ́, ó kan ẹsẹ̀. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìyàwó á sọ áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á máa fì í sọ́tùn-ún sósì títí ẹsẹ̀ kan á fi gbà láti kúrò. Láàárọ̀ o, lálẹ́ o. Àwọn tó ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà, wọn ò tíì gbé ọkọ dé ilé ìwẹ̀ rí.

Nígbà tí ọsibítù wá ní àwọn fẹ́ kó máa wá ṣe eré ìdárayá kan, èyí tí wọ́n máa ń gbé awò ńlá bo aláìsàn lójú, táá sì máa rìn nínú ayé tí kò sí níbẹ̀, kíá ni Màmá Alágbàfọ̀ ní kó máa lọ. Àbúrò ọkọ tó ń wa takisí ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Màmá kì í bá wọn lọ. Àsìkò yẹn nìkan ló fi ń mí, òun nìkan ló sì mọ bó ṣe dùn tó.

Lọ́jọ́ kan iná lọ, áyọ́ọ̀nù tutù, ló bá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n so bélíìtì mọ́ bàbá lára kó má ṣubú, wọ́n gbé awò bò ó lójú, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n kí ìyàwó lè rí ohun tí ọkọ ń rí: òpópónà gbọọrọ, òkúta lójú ọ̀nà, odò kékeré. Ni bàbá bá gbéra. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá òkúta, ó fo odò dá, ó yí padà, ó tún ń bọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ eré ìdárayá, ọmọge kan tó wọ bàtà funfun, ń pàtẹ́wọ́ fún un. "Bàbá, ẹ fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Ó yẹ kí inú Màmá Alágbàfọ̀ dùn. Ká má parọ́, inú bí i ni, ó bí i débi tí etí rẹ̀ ń hó. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún, oorun tí kò rí sùn, aṣọ oníbàárà tó jóná nítorí pé ó sáré lọ di èèyàn mú, gbogbo rẹ̀ dìde sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, àṣé ọkùnrin yìí lè rìn. Àṣé èmi ló ń fi ṣe ẹrú. Ọmọge náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun fẹ́ ṣàlàyé nǹkan, Màmá ní òun ń kánjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, wá gbà mí."

Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló káwọ́ gbera. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Mo rí yín lánàá. Ẹni tó fo odò, ṣé ẹnu ọ̀nà ni kò lè kọjá?"

"Ẹsẹ̀ yìí ò gbọ́ tèmi ni."

"Ó ń gbọ́ ti ọmọge oníbàtà funfun."

Ìtọ̀ ń ṣàn sí bàbá lẹ́sẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ojú wá tì í ju bó ṣe lè gbà á mọ́ra lọ, ó fi agídí ju ara rẹ̀ síwájú. Ara lọ, ẹsẹ̀ ò lọ. Ó fi iwájú orí gbá ògiri, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

Ọsibítù ni wọ́n ti rán orí náà. Ibẹ̀ ni ọmọge yẹn ti wá sọ ohun tó fẹ́ sọ lánàá. "Màmá, wọn ò díbọ́n. Òkúta àti odò inú awò yẹn, bí ojú wọn bá ti rí nǹkan tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ á gbéra. Ilẹ̀ tó tẹ́jú àti ẹnu ọ̀nà tóóró ló ń dá wọn dúró. Ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́lẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀."

Ó ṣe Màmá Alágbàfọ̀ bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó ra téèpù, ó fi orúnkún rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ ní ìlà ìlà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Bàbá ní kò sí nǹkan kan, kó dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò gbé takisí dé, bàbá kò kúrò lórí àga.

"Mi ò lọ mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó ń ṣe yín lóore."

"Oore wo? Bí mo bá rìn lọ́hùn-ún, o ò ní dì mí mú níbí."

Màmá búra, ó sunkún, ó rán èèyàn sí i. Ọmọge náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bàbá kí i dáadáa, ó bá a ṣàwàdà, kò dìde. Kò gbẹ́sẹ̀ kọjá ìlà téèpù kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, ọsibítù fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹsẹ̀ tí èèyàn ò bá lò kì í dúró de èèyàn. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ti ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di àárín yàrá, ó wá di etí bẹ́ẹ̀dì. Báyìí, ńṣe ni Màmá Alágbàfọ̀ ń gbé e látòkè délẹ̀ bí ẹrù aṣọ oníbàárà. Bàbá á fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, á rọra dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé ó ń díbọ́n.