Ẹyẹ Méjìlá Ṣàkírù

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́dún 1974, bí ẹ bá béèrè Ṣàkírù akọ̀wé, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé, "Ṣàkírù wo? Ṣàkírù ẹlẹ́yẹ?" Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Máríńà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń nara lórí ẹní, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á lọ dùbúlẹ̀ sínú koríko létí ọ̀sà lọ́nà Ìkòyí, á máa ṣọ́ ẹyẹ. Kì í ṣe ẹyẹ ńlá náà o. Àwọn tíńtìntín tó ń kọrin ni tirẹ̀, àwọn tí kò tó jẹ lọ́bẹ̀.

Fíìmù tó ń lò kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun ni. Nítorí náà, bó bá ti ya ẹyẹ kan tán, á fetí sí ohùn rẹ̀ títí tí yóò fi mọ́ ọn lórí, á sì máa súfèé rẹ̀ bọ̀ wálé kó má baà gbàgbé. Àwọn ará àdúgbò ti gbà pé nǹkan ń ṣe é. Ìyá rẹ̀, Àdìjátù, tó dàgbà sí oko kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ wá sí Èkó, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é. Bó bá ti gbọ́ ìfé náà lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ nìyẹn," tàbí, "Ẹ̀gà ni, aláriwo." Bí wọ́n bá ti fọ fọ́tò náà tán, Ṣàkírù á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ pè sẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní méjìlá. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Dáfídì rí wọn, ó ní kí Ṣàkírù kó wọn wá kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ òun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sí káàdì lábẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Inú Ṣàkírù dùn débi pé kò lè jẹun. Wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín tó ní ọ́fíìsì. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ báyìí: kí ẹnikẹ́ni má rí àṣìṣe kankan lára ògiri yẹn.

Ọjọ́ kìíní náà ni Bàbá Bashiru dé, àgbàlagbà ará Ọ̀yọ́ tó ń ta iṣu ní Èbúté Èrò. Ó ń ti orí fọ́tò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń mi orí bí ẹni tó pàdé àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkẹsàn-án, ó ní kí wọ́n ka káàdì rẹ̀ fún òun.

"Olóhùn Iyọ̀," ni Ṣàkírù kà.

"Olóhùn kí ni? Báwo ló ṣe ń ké?"

Ṣàkírù súfèé rẹ̀. Baba bú sẹ́rìn-ín.

"Ìbákà! Ìbákà lásán-làsàn lẹ wá sọ di Olóhùn Iyọ̀! Ẹ̀yin ará Èkó yìí! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ìyá ẹ ń bá ẹ ṣeré ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ṣàkírù gan-an, kò sì dúró gba atẹ́gùn títí ó fi délé. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìbákà ni ẹyẹ yẹn ni?"

Àdìjátù gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ kíákíá, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan lè gbọ́.

"Rọra, Ṣàkírù. Ṣó o mọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa nígbà kan?"

"Bàbá Ladánì? Ẹ̀yìn yín ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n kú."

"Ohun tó o pe ẹyẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan ni ìyá wọn ń pè wọ́n láti kékeré. Gbogbo ọmọ ilé ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi ìyàwó ilé ni. Wọ́n ti bí wọn sílé yìí kí n tó wọlé, n ò gbọdọ̀ fẹnu mi pè é. Olóhùn Iyọ̀ lèmi ń pè wọ́n. Mo wá fún ẹyẹ náà ní orúkọ kan náà."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú, Màámi. Ẹyẹ ni mo sì bi yín."

"Ikú wọn ò sọ mí di ọmọ ilé." "Nígbà tí bàbá ẹ kú, àwọn ẹbí ní kí n kó jáde. Olóhùn Iyọ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí, wọ́n ní Àdìjátù ò ní í lọ síbì kankan. Yàrá tó ò ń sùn nìyẹn."

Ìbínú Ṣàkírù tán pátá. Àánú ìyá rẹ̀ ló kù, àti ìtìjú ohùn tó gbé sókè sí i. Síbẹ̀, irọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀ lára ògiri. Ó kọ káàdì tuntun, ÌBÁKÀ, gàdàgbà. Ó kàn fi ti ẹ̀yìn fọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ kó àwọn fọ́tò náà kúrò, Àdìjátù wá wò wọ́n, ó lo ìborùn tuntun. Dáfídì dọ̀bálẹ̀ kí i, kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ wọn fún wa." Àwọn èèyàn pé jọ, Bàbá Bashiru náà wà níbẹ̀. Àdìjátù pe mẹ́jọ láìdánu dúró. Nígbà tó dé iwájú ìkẹsàn-án, ó yíjú sí Ṣàkírù.

"Eléyìí ńkọ́, Màmá?"

Ṣàkírù wo ojú àwọn èèyàn. Bó bá pe Olóhùn Iyọ̀, wọn á fi ìyá òun rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe fi òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bi ọmọ mi," ni Àdìjátù wí. "Ọmọ ilé ni. Òun lè pè é."

"Ìbákà ni," ni Ṣàkírù wí.

Àdìjátù bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú fọ́tò kékeré náà. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Olóhùn Iyọ̀," ló wí.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Bashiru, tí òun náà ní ìyàwó nílé, ṣí fìlà rẹ̀.