Orúkọ Tí Ẹfúnwùmí Kò Lè Pè

“Òrìṣà, jẹ́ n pé méjì,” obìnrin tó bá gbàdúrà bẹ́ẹ̀, kò dénú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé Ẹfúnwùmí kò jowú. Ilé wa kan ilé wọn ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ààtàn kan náà la jọ ń da ilẹ̀ sí, mo sì mọ ìgbà tí gàrí rẹ̀ máa ń jóná. Obìnrin yẹn kì í jẹ́ kí gàrí jóná àfi tí inú bá ń bí i. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ mú orogún rẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, gbogbo gàrí tó yan ló pọ́n bí ilẹ̀ oko.

Másẹ̀ ni wọ́n ti bí Ẹfúnwùmí, láàárín àwọn adẹ́mu. Kàsímù aránṣọ fẹ́ ẹ nígbà tí Faransé ṣì wà lórí wa, ó sì bí Àmínátù fún un, ọmọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn òmìnira ni Kàsímù lọ mú Fàtímátù wá láti Tàtọ́núkọ̀n, ọmọ pupa eléjí tó ti débi ẹ̀kọ́ díẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Kàsímù bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó mú ìyàwó kan dé ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé ní tọkọtaya. Ìyàwó wo? Fàtímátù ni. Ẹfúnwùmí wà lóko lọ́jọ́ náà, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò tà fún owó ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó máa ń sọ èyí fún mi bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ṣọ́jà ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn ará Másẹ̀ ṣe ń gba igbá ẹmu kiri. Ìgbà náà ni Kàsímù kọ̀wé sí Àlàgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kí ìyàwó òun máa bọ̀. Aya kan ni òfin ibẹ̀ gbà fún ọkùnrin. Fàtímátù yóò lọ bá kòńsúlà, aṣojú ìjọba òyìnbó, ní Kútọnú, òyìnbó yóò bi í ní ìbéèrè láti mọ̀ bóyá aya rẹ̀ ni lóòótọ́, kó tó fún un ní fisá, ìwé àṣẹ láti wọ ìlú wọn.

Ẹ̀yin ẹ wo ìyọnu! Fàtímátù lọ ya fọ́tò ní Pobẹ̀. Ó ra bàtà gíga, ó sì ń wọ̀ ọ́ rìn káàkiri àgbàlá kó lè mọ́ ọn lára.

“Ìyàwó,” Ẹfúnwùmí wí láti ìdí ààrò, “bàtà rẹ ń dẹ́rù ba àwọn adìyẹ.”

Àlàgbé kọ́ Fàtímátù ní ohun gbogbo: àdúgbò tí ọkọ rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé. Ó wá ní Ẹfúnwùmí ni yóò sìn ín lọ, torí ó máa ń kó gàrí lọ sí Àjàṣẹ́, ó mọ̀nà. “Bí wọ́n bá bi ọ́, ẹ̀gbọ́n Fàtímátù ni ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ kan lẹ jọ ní.”

Mo bi Ẹfúnwùmí léèrè ohun tó mú kó gbà. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ẹni tí yóò sọ pé òun kì í ṣe ìyàwó.

Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnú, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yà. Àwọn méjèèjì jókòó níwájú òyìnbó. Òyìnbó jókòó sẹ́yìn tábìlì, Lucien, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń ṣe ògbufọ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni orúkọ ọkọ Fàtímátù.

Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ láyé! Ṣùgbọ́n obìnrin wa kì í pe ọkọ lórúkọ. Orúkọ àkọ́bí ilé la fi ń pè é, ìyàwó yòówù kó bí ọmọ náà. Àlàgbé kò tilẹ̀ rántí fi ìyẹn kọ́ ọ. Ta ni yóò jókòó nínú àgbàlá kó máa kọ́ ìyàwó bí yóò ṣe la orúkọ ọkọ mọ́lẹ̀?

Fàtímátù wolẹ̀. “Baba Àmínátù ni.”

Òyìnbó ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò rí ọmọ kankan níbẹ̀.

“Màdáámù,” Lucien wí, “ẹ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tó wà nínú pàpíè, ìwé yìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mìsíé, mi ò gbọdọ̀ pè é.”

“Àmínátù yìí ńkọ́? Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ mi ni.”

Kò sí ẹni tí kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa. Ọmọ orogún, ọmọ ẹni ni. Ẹfúnwùmí fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà láti máa pe Fàtímátù ní Ìyá Kékeré. Lọ́jọ́ mìíràn, Ẹfúnwùmí kì bá tilẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Fàtímátù ló ni ìwé, òun ló ni bàtà, òun ló ni ìlú òyìnbó. Owú tí Ẹfúnwùmí ti ń gbé mì láti àárọ̀ bá gùn ún dé ọ̀fun.

“Irọ́ ni!” Ó ti dìde. “Inú èmi yìí ló ti jáde! Ọkọ lo gbà, o ò ní í gba ọmọ mọ́ ọn!”

Òyìnbó bi Lucien pé kí ni obìnrin náà wí. Ọkùnrin náà wo àwọn obìnrin méjèèjì, àánú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó pa ìwé dé, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Nínú bàṣé, ọkọ̀ akérò tí wọ́n wọ̀ padà, Fàtímátù gbé bàtà sórí itan. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyálé mi, ṣé inú yín ti dùn báyìí?”

“Díẹ̀,” Ẹfúnwùmí dáhùn.

Ó sọ fún mi pé ayọ̀ náà bá òun dé Àjàṣẹ́. Kí wọ́n tó kọjá Pobẹ̀, ó ti tán.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Fátókun, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú tí Kàsímù wà, wá kí àwọn ará ilé. Gbogbo wa ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní àgbàlá wọn. Ó fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ títí, kó tó sọ pé Kàsímù ti fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba wọn, àti pé obìnrin náà ti lóyún. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Fàtímátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Kàsímù.” Ó wí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wá dìde, ó sì pariwo rẹ̀: “Kàsímù! Kàsímù o!”

Àlàgbé bo etí. Kò sí ẹni tó bá Fàtímátù wí. Ẹni tó bá pe ọkọ lórúkọ báyẹn, ó ti kọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì kọrí sí Tàtọ́núkọ̀n, ilé baba rẹ̀. Bàtà gíga náà kò bá a lọ. Ó fún Àmínátù.

Ẹfúnwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí ó fi wọ àárín àwọn igi ọ̀pẹ. Ó ti jowú Fàtímátù nítorí ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, owú ìyẹn kò tó èyí rárá.

“Ìyá Ràṣídì,” ó pè mí, “òun ló kọ́kọ́ pè é. Èmi ìyálé!”

“Ìwọ náà pè é. Ta ni yóò mú ọ?”

“Bí mo bá kọ̀ ọ́, kí ni n óò wá máa pè é lójú Àmínátù?”

Ó padà sídìí ààrò, ó ń ro gàrí nínú agbada. Ó lanu, ó tún pa á dé. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

“Ẹ bá mi pè é,” ó wí, kò wojú mi.

Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè, kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.