Ọkọ̀ Tó Gba Gbogbo Wa

Òórùn ọ̀dà dúdú ló kọ́kọ́ kí mi lọ́jọ́sí, nígbà tí Mojísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, kó èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀sì ńlá kan ní Igbókọ̀dá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kun abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà. Mojísọ́lá fẹ́ máa fi kó ẹja gbígbẹ lọ sáwọn ìlú òkè, kí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì máa sùn sínú rẹ̀ nígbà ìsinmi ilé ìwé. Bó ti ń wo ẹ́ńjìnnì ló ń wo táyà. Èmi ní tèmi, mo gun bọ́ọ̀sì náà, mo fìdí lé ẹ̀gbẹ́ kan gbáà, mo ń wò ó bóyá yóò fì. Ẹni tó ń tà á sáré wá, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Orí omi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ọkọ̀.

Àráròmí ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí òkun ṣì jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ó mú igi àgbọn, ó mú ilé ìdáná, nígbà tó sì di àkókò òjò ọdún kan, ó kó ilé náà lọ. Aba, bàbá wa, ti lọ pẹja lójú omi òkèèrè, ní ìhà Kamẹrúùnù, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, pe Iye, ìyá wa, ó ní kí wọ́n pín wa fún ẹbí: kí n lọ bá àǹtí kan ní Awóyè, kí Fọlọ́runṣọ́ àbúrò mi máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí Bọ̀sẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú nìkan dúró ti ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wá ọkọ̀ ná," ni Iye wí. "Bí mo bá rí èyí tó gba gbogbo wa ní ìdùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pín ọma mi."

Ẹ̀gbọ́n Aba gbà pé òun á dúró títí òjò á fi dá.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò kan wà tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi alábòrí, tí wọ́n ń ta ọjà láti abúlé dé abúlé. Ohun tí Iye fẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tá a lọ wò wà ní Zion Pepe, ó jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọkàn mi sì fà sí i lójú ẹsẹ̀. Iye jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ ò fì. Ó wá da eérú ààrò gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, ó kó wa síbẹ̀ kí ó lè wúwo, ó sì ní ká má mira. Kò pẹ́ tí eérú náà fi dúdú lápá kan, omi ti ń yọ́ wọlé lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán. Mo sunkún nítorí àwọ̀ yẹn.

Ìkejì kò jò, àmọ́ ó tín-ín-rín. Nígbà tá a dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ Fọlọ́runṣọ́ yọ síta. Kíá ló ká orúnkún rẹ̀ dé àyà, ó dijú pọ̀.

"Iye, ẹ wò ó, ó gbà mí. Mo lè máa sùn báyìí títí ayé."

Iye kọjú sí àwọn igi ẹ̀gbà etí omi, kò sì tètè yíjú padà. Títí dòní, bí mo bá rántí orúnkún ọmọ yẹn, omi á lé sí mi lójú.

Ìkẹta ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó gẹdú. Kò lọ́dà, páànù ni wọ́n fi lẹ ara rẹ̀ káàkiri, ojú sì ń tì mí pé káwọn ọ̀rẹ́ mi rí i. Ṣùgbọ́n eérú gbẹ nínú rẹ̀ tónítóní. A dùbúlẹ̀, Bọ̀sẹ̀ wà láyà Iye, Fọlọ́runṣọ́ sì na ara títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣì ṣẹ́ kù. Iye gbọ́wọ́ lé ibẹ̀.

"Àyè Aba yín nìyí."

Wọn ò pín wa mọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ àti tapólì la fi bo orí ọkọ̀ náà, orí iyanrìn la ti ń dáná, a sì ń ta iyọ̀, gàrí àti kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì yìí wọnú aṣọ ilé ìwé mi débi pé tíṣà máa ń mọ̀ pé mo ti dé kó tó rí mi. Lọ́sàn-án, àpò gàrí ló máa ń wà láyè Aba. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, Iye á kó wọn kúrò, á tẹ́ ẹní síbẹ̀. Aba ò padà wá, Iye ò sì yéé tẹ́ ẹ.

Lónìí, ibi tí ilé wa wà ti di ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ wa ti jẹrà, Iye náà ti sùn. Ìrìn tí a máa ń fi àjẹ̀ wà fún odidi ọjọ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ti parí rẹ̀ kí oúnjẹ tó dà nínú wọn.

Mo sọ fún Mojísọ́lá pé kí ó má tíì sanwó, kí òun àtàwọn ọmọ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n dùbúlẹ̀ sórí irin ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ẹsẹ̀ wọn nà dáadáa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. N kò sọ ìtàn ẹní yẹn fún un rí, torí ó máa ń dùn mí láti sọ. Mojísọ́lá sún díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi gbá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Mọ́mì, kí lẹ ń dúró wò? Àyè yín rèé."

Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀, mo sì wọlé lọ dùbúlẹ̀.