Àfòpiná Orí Àpò Ìrẹsì

Òórùn àpò ìrẹsì tó ti pẹ́ lórí òkun, tó pò mọ́ ti dísẹ̀lì, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nílé ìkẹ́rùsí wa lẹ́yìn Wharf Road, ní Àpápá. Èmi ni mo ń mójú tó ẹrù níbẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo rí nǹkan kan lára àpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Éṣíà dé. Mo rò pé èérún igi ni, àfìgbà tó rìn. Àfòpiná ni, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ó ká ìyẹ́ mọ́ra pinpin. Àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀ ni, kò lámì kankan àfi iṣan tín-ín-rín tó dúdú nínú ìyẹ́ náà. Irun ṣù díẹ̀ níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi níka bí àtíkè. Kí n má parọ́ fún ọ, ó rẹwà lójú mi. Mo gbé e lọ fi han ọ̀gá wa, inú mi ń dùn pé ojú mi ríran.

Ọ̀gá ní irú àfòpiná yẹn máa ń ba ìrẹsì jẹ́, ó sì pe àwọn apakòkòrò. Wọ́n fín oògùn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ kó ìrẹsì ti tò sẹ́nu géètì, ọ̀gá sì ní ká ṣílẹ̀kùn. Bàbá kan tó ti Ìsẹ́yìn wá ni olórí àwọn alágbàrù wa. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n bi mí bóyá ó ti yá.

Mo ní, "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ ṣí i, Bàbá."

Wọ́n ṣe Bìsìmílàhì, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tá a gbọ́ ikọ́ wọn, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tá a fi máa wọ́ wọn jáde, ètè wọn ti dúdú.

Wọn ò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí wọn nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀ lóṣù kejì, wọn ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí èémí wọn má já. Ọkùnrin tó ń ru àpò tó wúwo jù mí lọ! Wọ́n bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ ò tíì pé?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Wọ́n ní kí ìyàwó wọn bu omi fún mi. Èébú ni mo ń retí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá rọrùn fún mi láti dọ̀bálẹ̀. Mo mu omi náà tán, mo dìde.

Mo fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀gá ló pàṣẹ, pé iṣẹ́ lásán ni mo jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ni Bàbá bi. Èmi ni wọ́n bi.