Ìdìbò Tí Àmín Gbé Lọ

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa ní Atlanta lé ààrẹ wa kúrò lórí oyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, títí kan ibi tí èmi gan-an ti gọ̀.

Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Conyers, ìlú kan nítòsí Atlanta, ló kú. Ààrẹ ní ẹgbẹ́ ò ní bá ìyàwó rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, torí kò tíì pé ọdún kan láàárín wa. Ìyàwó ń sunkún, ààrẹ ń ka òfin. Inú bí wa gidigidi. A dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé. Aunty Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tó ṣíwájú wa, wọ aṣọ iṣẹ́ wá, ó ń pariwo pé, "Sà, ẹ resign! A ò ní move!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ààrẹ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Òfin ní bí ààrẹ bá lọ, àwa aṣojú mọ́kànlá la ó yan òmíràn. Aunty Fọlákẹ́ ni gbogbo èrò ìta ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó pín bébà ìdìbò, bàbá tó dàgbà jù nínú wa dìde, ó gbọ́wọ́ lé igbákejì ààrẹ tó lọ náà lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Olúwa, ìwọ lo yan ọmọ rẹ yìí. Àsìkò rẹ̀ á tu gbogbo wa lára."

"Àmín!" Tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù. Ta ni yóò dákẹ́ sí àdúrà àgbà?

Bàbá jókòó. "Ó parí. Gbogbo yín ti fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Bàbá, a ò tíì vote o."

"Ṣé o fẹ́ gba àmín rẹ padà ni?"

Mo jókòó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà, mo sì jókòó.

Níta, Aunty Fọlákẹ́ sáré pàdé mi. "Uncle, vote mélòó ni mo ní?" Ojú tì mí.

Àwa fúnra wa la dáwó gbé òkú náà délé. Ìyẹn ò kéré, a sì rí i pé ààrẹ ṣeé lé. Ṣùgbọ́n òfin ọdún kan ṣì wà nínú ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe opó náà láti tọrọ àforíjì.

Ó ní, "Uncle, ẹ ṣé. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ ti yí òfin yẹn?"

Mo ní a ò tíì yí i. Ó ní kò burú, òun fẹ́ lọ gbé àbúrò òun lọ sí shift.